Síkóòpù ní kọnẹ́kítọ̀ mọ́, páwà mítà ní irọ́ ni: ibo ló kù kí n wò?

Àkàbà_Àkúrẹ́
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Nǹkan kan ń dà mí láàmú ní Ìjàpọ̀ níbí. Ilé kọ́sítọ́mà kan ni, íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń gba inú fáíbà (okùn gíláàsì tín-ín-rín tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá) la gbé wọ̀ ọ́, láti àpótí tó wà lórí òpó sí inú ilé rẹ̀ ò ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ. Mo fi páwà mítà wọn ìmọ́lẹ̀ níbi tó ti jáde lára splitter (ohun tó ń pín ìmọ́lẹ̀ sí ilé púpọ̀), mo bá -19.6 dBm (ìwọ̀n agbára ìmọ́lẹ̀), mo dénú ilé, mo bá -26.7, ìmọ́lẹ̀ ti dín gan-an. Drop cable yẹn, wáyà tó ti òpó wọlé, tuntun ni, kò sí ibi tó ti kákò. Mo ti nu gbogbo kọnẹ́kítọ̀, mo fi síkóòpù tó ń sọ ojú wọn di ńlá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n mọ́ tónítóní. Ohun tó wá ń yà mí lẹ́nu ni pé tí mo bá fọwọ́ kan kọnẹ́kítọ̀ tó wà nínú àpótí yẹn, nọ́ńbà á sá lọ sí -24, á tún padà sí -27. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní kí n lọ tún splice (ibi tí wọ́n ti yọ́ fáíbà méjì pọ̀) ṣe, èmi ò sì rò pé splice ni. Ìbéèrè mi nìyí: ṣé síkóòpù lè fi hàn mí bóyá fáíbà méjèèjì kojú síra wọn dáadáa nínú adápítọ̀ tí kọnẹ́kítọ̀ méjì ti ń pàdé, àbí ìdọ̀tí nìkan ló ń rí? Ẹ gbà mí, kọ́sítọ́mà ò jẹ́ kí n gbádùn, ó ń pè mí ṣáá.

Bàbá_Splice
Àbúrò, fi splice yẹn sílẹ̀ ná. Splice tí wọ́n ti yọ́ pọ̀ tó wà jẹ́ẹ́ nínú tray, kí ló kàn án pẹ̀lú kọnẹ́kítọ̀ tí o fọwọ́ kàn? Ohun tí o fọwọ́ kàn tí nọ́ńbà fi yí, òun náà ni kó o mú. Kọnẹ́kítọ̀ ni àbí adápítọ̀, adápítọ̀ ni mo sì fura sí jù.

Síkóòpù, ojú kan ṣoṣo ló ń wò lẹ́ẹ̀kan. Tí ojú méjèèjì bá ti fẹnu kora, kò sí bó ṣe máa wọbẹ̀ lọ wò ó. Ohun tó sì ń mú wọn ṣe déédéé ò sí lára fáíbà fúnra rẹ̀ rárá. Ferrule funfun yẹn, orí kọnẹ́kítọ̀, seramíìkì ni, ti irú kọnẹ́kítọ̀ tí wọ́n ń pè ní SC fẹ̀ ní 2.5 mm, ti LC jẹ́ 1.25 mm, wọ́n lu ihò sáàárín rẹ̀ tí fáíbà tó fẹ̀ ní 125 máíkírọ́ọ̀nù (máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà kan) máa gbà wọlé gẹ́lẹ́, inú 125 yẹn náà sì ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wà, kò ju bíi 9 lọ fún single mode, irú fáíbà tí à ń lò yìí. Irun orí èèyàn nípọn jù ú lọ dáadáa. Òun ló gbọ́dọ̀ kojú sí èkejì rẹ̀ láìyẹ̀.

Tí àárín méjèèjì bá fi máíkírọ́ọ̀nù 1 yẹ̀ fúnra wọn, ní ìmọ́lẹ̀ 1310 nm (gígùn ìgbì rẹ̀ nìyẹn) o ti pàdánù bíi 0.2 dB nìyẹn, dB la fi ń wọn lọ́ọ̀sì, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tó ṣòfò. Tó bá di 2, kì í ṣe 0.4 o, ó ti lé ní 0.8. Ìyẹ̀ di ìlọ́po méjì, lọ́ọ̀sì di ìlọ́po mẹ́rin, bó ṣe ń lọ nìyẹn. Tó bá wá di 5, bíi 5 dB ti fò lọ, bẹ́ẹ̀ ojú kọnẹ́kítọ̀ méjèèjì lè mọ́ bí dígí. Ìdí tí síkóòpù rẹ fi ní kò sí wàhálà nìyẹn, kò parọ́, ohun tí o bi í kọ́ ló ń dáhùn.

Wo inú adápítọ̀ yẹn, páìpù kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, sleeve ni wọ́n ń pè é. Ihò rẹ̀ fi díẹ̀ kéré ju ferrule lọ, tí ferrule bá wọlé á ṣí díẹ̀, á sì fún un mọ́ra látọ̀tún látòsì. Seramíìkì ni ti single mode tó dáa, wọ́n ń fi bíróńsì ṣe òmíràn. Ìgbà tí seramíìkì yẹn bá sán báyìí, kò sóhun tó ń di ferrule mú mọ́, ìdí nìyẹn tó fi ń jó bí o ṣe ń fọwọ́ kàn án. Pààrọ̀ adápítọ̀ yẹn lákọ̀ọ́kọ́. Òun nìkan o! Má pààrọ̀ nǹkan méjì pọ̀, torí tó bá dáa o ò ní mọ èyí tó ṣe é.

Gbogbo_Iṣẹ́_NiMoṢe
Ẹ̀ ń fi gírámà pa ọmọ ọlọ́mọ. Èmi fẹnu fẹ́ ẹ ni, mo fi ẹ̀wù nù ún, mo tì í padà, ó ti parí. Ọdún wo la ti ń ṣe é.

PáwàMítà
@Gbogbo_Iṣẹ́_NiMoṢe ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, àmọ́ ẹ má kọ́ ọmọ yẹn ní ìyẹn. Omi wà nínú èémí, itọ́ wà níbẹ̀, tó bá gbẹ sójú ferrule ó ń di àbàwọ́n. Ẹ̀wù tí èèyàn sì fi gun òpó láti àárọ̀, òróró ara àti eruku ló wà níbẹ̀. Kílómítà kan gbáko fáíbà ò jẹ ju bíi 0.35 dB lọ ní 1310, èérún eruku kan ṣoṣo tó bọ́ sí àárín ojú kọnẹ́kítọ̀ lè jẹ jù bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá sì fi agbára tì í pọ̀ mọ́ èkejì pẹ̀lú yanrìn lójú, ó ti ha gíláàsì nìyẹn, kò tún sí bí a ṣe máa nù ún kó lọ. Ó kàn lè jẹ́ pé àwọn kọ́sítọ́mà tiyín súnmọ́ splitter, ìmọ́lẹ̀ pọ̀ tó, kò tíì hàn ni.

Pẹ́ẹ̀nì one-click tí wọ́n ṣe fún nínu ojú kọnẹ́kítọ̀ ni kí ẹ lò, tàbí wáìpù tí kì í ta òwú pẹ̀lú alcohol isopropyl 99%. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì tó jẹ́ 70% o, omi inú rẹ̀ ń gbẹ sílẹ̀ di òrùka lójú ferrule. Bí ẹ bá rí òrùka òrùka nínú síkóòpù, ohun tó fà á nìyẹn. Ibi tó tutù díẹ̀ lára wáìpù ni ẹ ó kọ́kọ́ fà á gbà, lẹ́yìn náà ibi tó gbẹ, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀nà kan, ẹ má fọ̀ ọ́ lọ fọ̀ ọ́ bọ̀.

Ìyá_Lab
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo fara mọ́ Bàbá_Splice, àmọ́ mo fẹ́ bi Àkàbà ní nǹkan kan ká tó máa sọ̀rọ̀ lọ. Kọnẹ́kítọ̀ yẹn, aláwọ̀ ewé ni àbí aláwọ̀ búlúù? Ẹnu síkóòpù wo lo sì fi wò ó?

Àkàbà_Àkúrẹ́
Ẹ ṣé mà. Aláwọ̀ ewé ni gbogbo wọn, SC/APC. Ẹnu tó bá síkóòpù wá látinú páálí ni mo lò, ó bọ́ sí 2.5 yẹn dáadáa. Ó kàn jẹ́ pé apá kan máa ń ṣú díẹ̀, mo ní bóyá bátìrì ni.

Ìyá_Lab
Mo mọ̀! Kì í ṣe bátìrì, ọmọ mi. Wọ́n fi dígírì 8 gé ojú APC dagun. Tó o bá fi ẹnu tí wọ́n ṣe fún UPC, aláwọ̀ búlúù tí ojú rẹ̀ ò dagun, wò ó, ojú tó dagun yẹn á ju ìmọ́lẹ̀ síbòmíì, apá kan á mọ́ kedere, apá kejì á ṣú tàbí kó rú. Ìdajì ojú lo rí, ìdajì yẹn ló sì mọ́. Lọ wá ẹnu síkóòpù tí wọ́n ṣe fún APC, ó máa ń ní ibi tí wàá fi kọ́kọ́rọ́ kọnẹ́kítọ̀ sí kó má baà yí.

Nǹkan mìíràn rèé. Tó o bá rí àmì dúdú kan lójú ferrule, yí kọnẹ́kítọ̀ yẹn díẹ̀ (UPC ni o, APC ò gba yíyí). Bí àmì bá yí tẹ̀lé e, ara kọnẹ́kítọ̀ ló wà. Bí ó bá dúró sójú kan, lẹ́ńsì síkóòpù rẹ ló dọ̀tí. Mo ti rí àwọn tó ju pátíkọ́ọ̀dù (okùn fáíbà kúkúrú tó ní kọnẹ́kítọ̀ lẹ́nu méjèèjì) tó dáa nù torí lẹ́ńsì tí wọn ò nù.

Ní ti ìbéèrè rẹ gan-an, bóyá síkóòpù ń rí bí fáíbà méjèèjì ṣe kojú síra wọn. Ó ń rí díẹ̀, kò ń rí púpọ̀. Tan ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀yìn, àárín á mọ́lẹ̀ roro, wàá rí i bóyá ó wà láàárín fáíbà, wàá sì rí i bóyá fáíbà fúnra rẹ̀ wà láàárín ihò ferrule tàbí gọ́ọ̀mù pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ju ìkejì lọ. Èyí tó bá burú gan-an lojú lè mú. Èyí tó fi máíkírọ́ọ̀nù kan yẹ̀, síkóòpù ọwọ́ ò lè wọ̀n ọ́n fún ẹ. Kódà láti ilé iṣẹ́ ló ti wá: ìlànà G.652, ti fáíbà single mode, gbà kí àárín fáíbà fi tó 0.6 máíkírọ́ọ̀nù yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí ara fáíbà fi 0.7 tóbi tàbí kéré ju 125 lọ, lẹ́yìn ìyẹn ihò ferrule náà tún gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ fẹ̀ ju fáíbà lọ kó tó lè wọlé. Ìdí nìyẹn tí kọnẹ́kítọ̀ méjì tó dára, tí ẹnikẹ́ni ò lè bá wí, fi lè pàdé kí wọ́n má bá ara wọn mu dáadáa, ti ọ̀kan yẹ̀ sọ́tùn-ún, ti èkejì yẹ̀ sósì. Àmọ́ ìyẹn ò ní jẹ 6 dB láéláé. Ìlànà TIA, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà, fi 0.75 dB ṣe gbèdéke fún ojú méjì tó pàdé, èyí tí wọ́n ṣe dáadáa sì máa ń wà ní 0.2 sí 0.3.

Ohun tí síkóòpù ò rí rárá ni bí ojú ferrule ṣe rí roboto. Kì í ṣe pẹrẹsẹ o, wọ́n dán an kó yọ díẹ̀ láàárín kí gíláàsì méjèèjì lè fara kanra kí seramíìkì tó kanra. Ẹ̀rọ mìíràn tí wọ́n ń pè ní interferometer ló ń wọ̀n ìyẹn: bóyá ibi tó ga jù níbẹ̀ yẹ̀ kọjá 50 máíkírọ́ọ̀nù sí àárín, bóyá fáíbà rì sínú tàbí ó yọ síta. Iṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kọnẹ́kítọ̀ nìyẹn, ẹni tó wà lórí òpó ò nílò rẹ̀.

OmoOǹdó_Cable
Màmá ti sọ ọ́ tán. Àmọ́ ẹ jẹ́ n fi ti àwọ̀ yìí kún un, torí ó ti dá wa láàmú gan-an ní Oǹdó níbí. A gba iṣẹ́ kan lọ́wọ́ kọ́ńtírákítọ̀ tó ti lọ, a débẹ̀, a bá pátíkọ́ọ̀dù aláwọ̀ búlúù tí wọ́n kì bọ adápítọ̀ aláwọ̀ ewé. Ó wọlé o! Ó ta kọ́n-ún bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe é. Èyí tó dagun kojú sí èyí tí kò dagun, afẹ́fẹ́ wà láàárín méjèèjì, lọ́ọ̀sì ga, ìmọ́lẹ̀ sì ń padà sẹ́yìn lọ bá ẹ̀rọ. Tó bá sì pẹ́, etí tó dagun yẹn á máa gún ojú èkejì. Ẹ má gbára lé àwọ̀ ike adápítọ̀ nìkan, kò sóhun tó ń dí èèyàn lọ́wọ́ láti fi adápítọ̀ tó bá wà nílẹ̀ sínú àpótí. Ferrule ni kí ẹ wò.

Ẹ wá gbọ́ ti ọyẹ́. Láti Oṣù Kejìlá títí dé Èrèlé, eruku tó wà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó yìí kì í ṣe kékeré. Èèyàn á ní òun dé ìdérí mọ́ kọnẹ́kítọ̀, bẹ́ẹ̀ inú ìdérí yẹn gan-an leruku wà, àpò ṣòkòtò ni wọ́n ti yọ ọ́. Mo máa ń sọ fáwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mi pé kọnẹ́kítọ̀ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já láti inú ọ̀rá náà, wò ó kó o tó kì í.

Bàbá_Splice
Ó ti sọ ibi tó dùn mí. Àwọn tó ń nu kọnẹ́kítọ̀ ọwọ́ wọn dáadáa, tí wọ́n wá ń kì í bọ adápítọ̀ tí wọn ò nu ẹ̀yìn rẹ̀ rí látọdún tí wọ́n ti gbé e kọ́! Ojú méjì ló ń pàdé. Tó o bá nu ọ̀kan, èyí tí o ò nù á kó tiẹ̀ ràn án, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Pẹ́ẹ̀nì one-click lè gba inú adápítọ̀ wọlé lọ nu ojú tó wà lẹ́yìn, ẹnu síkóòpù tó gùn wà náà tó lè wọbẹ̀ lọ wò ó. Èérún tó bá há sínú sleeve náà ń ṣe ìyẹ̀ o: yóò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ferrule, á gbé e sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ferrule á dagun díẹ̀. Ojú mọ́, ara ò mọ́. Igi òwú kékeré tí wọ́n ṣe fún 2.5 mm ni wọ́n fi ń nu inú sleeve.

Àkàbà_Àkúrẹ́
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin àgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ṣì ń sọ pé bóyá wáyà kákò nínú àpótí ni, ó ní ìyẹn náà lè máa jó tí èèyàn bá fọwọ́ kàn án. Báwo ni mo ṣe fẹ́ jẹ́ kó gbà?

PáwàMítà
Ọ̀gá rẹ ò sọ ìsọkúsọ o, ó ṣeé ṣe. Kọnẹ́kítọ̀ tó o fọwọ́ kàn ń fa pígítéèlì, okùn fáíbà kúkúrú tó wà lẹ́yìn rẹ̀, bí ìyẹn bá ti kákò ju bó ṣe yẹ, nọ́ńbà á yí. Bí wàá ṣe dá a mọ̀ rèé, má bá a jiyàn. Já ilé yẹn kúrò lára splitter kó o lo lésà ìdánwò tó ní 1310 àti 1550, fi í sí ìkángun kan, fi mítà sí ìkejì, wọn méjèèjì. Wáyà tó kákò máa ń jẹ 1550 gan-an ju 1310 lọ, torí pé ìmọ́lẹ̀ 1550 kò rọ̀ mọ́ àárín fáíbà tó bẹ́ẹ̀, ó tètè ń já sílẹ̀ ní ibi tó tẹ̀. Tó bá jẹ́ ìyẹ̀ ló fà á ńkọ́? Méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, kódà 1310 á fi díẹ̀ burú jù, torí ojú tirẹ̀ kéré jù. Tó o bá rí 6 ní 1310 tó o rí 5 ní 1550, lọ bá adápítọ̀. Tó o bá rí 1 ní 1310 tó o rí 6 ní 1550, lọ tú wáyà tó kákò.

Tó ò bá ní lésà ìdánwò, lésà kékeré tó ń tan pupa náà á ràn ẹ́ lọ́wọ́. Tan án sínú rẹ̀ lálẹ́ tàbí kó o fi ẹ̀wù bo àpótí, ibi tó bá ti ń tàn pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń sá. Wáyà tó kákò á pọ́n ní ibi tó kákò, sleeve tó sán á mú kí ike adápítọ̀ pọ́n ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìyá_Lab
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jọ̀ọ́, kí ó tó lọ já ohunkóhun. Ìmọ́lẹ̀ 1490 nm ló ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, 1310 ló ń padà lọ, ojú ò rí ìkankan nínú wọn. Pé kò tan ò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Síkóòpù ayé àtijọ́ tí èèyàn ń fi ojú ara rẹ̀ tẹ̀ mọ́, lẹ́ńsì inú rẹ̀ á kó gbogbo lésà jọ sínú ẹyinjú. Fi mítà wọ̀n ọ́n kó o tó wò ó. Èyí tó ní kámẹ́rà tó sì ń gbé àwòrán sórí fóònù tàbí sííkíríìnì ló dára, bí lésà bá wà níbẹ̀ kámẹ́rà ló máa jìyà rẹ̀. Èyí tó pupa náà, ẹ má fi ojú wò ó lókèèrè bí ẹni ń wo tọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ wò.

Gbogbo_Iṣẹ́_NiMoṢe
Ó dáa, ẹ ti bá mi wí tán. Ẹ wá bá mi dá sí ti fast connector, kọnẹ́kítọ̀ tí à ń fi ọwọ́ so láìyọ́ fáíbà pọ̀, torí òun ni mò ń lò jù, splicing machine wọ́n. Ẹ má sọ pé kí n má lò ó.

Bàbá_Splice
Ta ló ní kó o má lò ó? Gbogbo wa ń lò ó. Àmọ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ferrule ni wọ́n ti fi fáíbà kékeré kan sí láti ilé iṣẹ́, wọ́n ti dán ojú rẹ̀, fáíbà tí ìwọ gé ló máa lọ pàdé rẹ̀ nínú, gẹ́ẹ̀lì kan wà láàárín wọn. Nítorí náà ibi ìpàdé kejì tún wà níbẹ̀ tí síkóòpù ò lè débẹ̀ rárá. Tó o bá wo ojú rẹ̀ tó mọ́, iṣẹ́ ilé iṣẹ́ lo ń wò, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ.

Gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ cleaver, ohun tí a fi ń gé fáíbà. Gígé tó dára ò gbọdọ̀ dagun ju dígírì kan lọ. Ẹlòmíì ń fi bíléèdì tó ti kú gé e, ẹnu fáíbà á dà bí eyín tó kán, gẹ́ẹ̀lì á bò ó mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ tó o ṣe é, ó dára, o ti gba owó, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà oòrùn ti nà án tán, kọ́sítọ́mà á bẹ̀rẹ̀ sí pè. Yí bíléèdì cleaver rẹ sí ibi tuntun, ó ní nọ́ńbà lára. Má tún nu fáíbà lẹ́yìn tó o bá ti gé e, kó o tó gé e ni kó o nù ún. Kó o sì wọn gígùn tó o bó sílẹ̀ bí ìwé inú ọ̀rá ṣe sọ: tó bá kúrú, àlàfo wà nínú, tó bá gùn jù, fáíbà á tẹ̀ kọ́lọ́kọ́lọ́ nínú rẹ̀. Èyí tí a ti tẹ̀ pa tó ń fi dB kan ṣòfò, má tún ṣí i tì í ní ẹ̀ẹ̀mẹta, gẹ́ẹ̀lì ti lọ, eruku ti wọlé. Gé òmíì.

OmoOǹdó_Cable
Èyí tó ń ṣẹ́ eyín yẹn pọ̀ o 😂 Ẹlòmíì sísọ́ọ̀sì ló fi ń gé e.

Àkàbà_Àkúrẹ́
Mo ti débẹ̀ o. Mo yá lésà ìdánwò lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ní Ọ̀bà-Ilé. 1310 fún mi ní 7.0, 1550 fún mi ní 5.9, mo bá fi han ọ̀gá mi, kò sọ nǹkan kan. Mo pààrọ̀ adápítọ̀ nìkan gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí, mi ò fọwọ́ kan òmíràn. Inú ilé báyìí jẹ́ -20.4, mo mi kọnẹ́kítọ̀ títí, nọ́ńbà ò yí. Mo fi ọ̀bẹ kékeré là adápítọ̀ àtijọ́ yẹn, sleeve inú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ ní méjì, ó ti sán ní ẹ̀yìn ibi tí wọ́n là á, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀kan nínú ìdajì yẹn ní dúdú lára níbi tí ferrule ti ń họ ọ́. Kí ló máa ń sán an ná? Àpótí yẹn ò tíì pẹ́.

Bàbá_Splice
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Seramíìkì yẹn líle, àmọ́ kò mọ títẹ̀. Ẹni tó bá ti kọnẹ́kítọ̀ wọlé ní ìdagun, tàbí tó fi ń gbọ̀n ọ́n sọ́tùn-ún sósì kó tó fà á jáde, á sán. Ẹni tó fi wáyà drop tó wúwo so rọ̀ mọ́ kọnẹ́kítọ̀ láìdè é mọ́ ara àpótí náà ń fà á lójoojúmọ́, afẹ́fẹ́ á sì máa ràn án lọ́wọ́. Wo ìyẹn kó o tó kúrò níbẹ̀, tí wáyà yẹn bá ń fì, dè é. Adápítọ̀ tó rọrùn jù lọ́jà náà, ẹlòmíì sleeve inú rẹ̀ kì í ṣe seramíìkì rárá. Bó o bá ń ra, ti kọnẹ́kítọ̀ tó dára bọ̀ ọ́ níwájú ẹni tó ń tà á: ó yẹ kó gbà á mọ́ra, kó má kàn já ṣọ̀ wọlé.

Ìyá_Lab
Mo yọ̀ fún ẹ. 7.0 sí 5.9, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n kọnẹ́kítọ̀ méjèèjì tó ti ń họ ara seramíìkì tó sán, tún lọ fi ẹnu APC wò wọ́n o, èérún seramíìkì le ju gíláàsì lọ. Agbègbè tí IEC 61300-3-35, ìlànà àgbáyé fún yíyẹ ojú kọnẹ́kítọ̀ wò, pín ojú ferrule sí ni kó o fi ṣèdájọ́, àwọn síkóòpù kan tiẹ̀ máa ń ya òrùka rẹ̀ sórí àwòrán fún ẹ. Òrùka àárín pátápátá, tó fẹ̀ ní 25 máíkírọ́ọ̀nù, níbẹ̀ ni ojú rẹ gbọ́dọ̀ le sí, ibi tó ha níbẹ̀ lára UPC single mode kì í ṣe ohun àforíjì, ti APC nìkan ni ìlànà gbà kí ó ha díẹ̀. Tó o bá kúrò níbẹ̀ bọ́ sí ara fáíbà tó yí i ká, àléébù kéékèèké lè kọjá. Ibi gọ́ọ̀mù, ẹ má da ara yín láàmú. Ara seramíìkì lóde, ìdọ̀tí tí kò bá lè ṣí kúrò níbẹ̀ kì í ṣe nǹkan, àmọ́ èyí tó bá lè ṣí kúrò á rìn wá sáàárín lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún tì í pọ̀, nítorí náà ẹ nù ún. Nù, wò, tó bá ṣì wà níbẹ̀ tún nù, wò. Tí àmì kan tí ìlànà ò gbà bá kọ̀ tí kò lọ, tí kò yí ipò padà, ó ti wọnú gíláàsì nìyẹn, pígítéèlì tuntun lo máa wá.

Wáyà_Alágbàkà
Ẹ dákun, mo fẹ́ fi ti tèmi bọ̀ ọ́. Ọ́fíìsì kan ní Alágbàkà fẹ́ kí n so MPO, fáíbà méjìlá nínú kọnẹ́kítọ̀ kan. Ṣé ohun kan náà ni?

PáwàMítà
Ìlànà kan náà, sleeve ló yàtọ̀. MPO ò ní sleeve tó di ferrule mú, pín-ìnì irin méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáíbà ló ń tò ó, wọ́n ń wọ ihò méjì lára èkejì. Nítorí náà ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní pín-ìnì, èkejì ò gbọdọ̀ ní. Bó bá jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló ní pín-ìnì, o ti ba ojú wọn jẹ́ nígbà tí o bá tì í pọ̀, tí méjèèjì ò bá sì ní, á wọlé lóòótọ́ àmọ́ kò sóhun tó ń tò ó. Fáíbà wọn fi 250 máíkírọ́ọ̀nù jìnnà síra, nítorí náà síkóòpù tìrẹ gbọ́dọ̀ lè rìn láti orí ọ̀kan dé òmíì, tàbí kó rí gbogbo ìlà náà lẹ́ẹ̀kan, ti SC ò lè ṣe é. Kó o sì wo inú ihò pín-ìnì yẹn náà: eruku tó bá wà nísàlẹ̀ ihò tàbí lórí ojú ferrule kò ní jẹ́ kí ojú méjèèjì pàdé pẹrẹsẹ, kì í sì í ṣe fáíbà kan ló máa jìyà rẹ̀, ìdajì wọn ni. Mo ní síkóòpù tó ń wo ti MPO, wá yá a lọ́wọ́ mi ní àárọ̀ Sátidé, àmọ́ dá a padà kó tó di Mọ́ńdè, mo ní iṣẹ́ ní Ìdànrè.